Ìmọ́lẹ̀ Tó Di Àwátì Nínú Géèmù Ìyìn

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní irọ́, kó lọ sí Àkúrẹ́, kó béèrè Rufus tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò Aùlé, kó sì sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé irọ́ ni. Rufus ló sọ ọ́ fún mi. Ìyìn fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún Rufus, ó sọ ọ́ tán pátápátá, kò fi nǹkan kan pamọ́. Èmi náà kò ní fi nǹkan kan pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní fi iyọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà níyọ̀ tó bó ṣe wà.

Ọdún tí epo bẹntiróòlù wọ́n ju oyin lọ ni. Ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Alágbàká dé Ọjà Ọba, tí wọ́n ń sọ fún ara wọn pé eré ìdárayá làwọn ń ṣe. Ìyìnolúwa, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyìn, ti jáde yunifásítì tipẹ́. Iṣẹ́ kò sí. Òun àti Rufus jọ gba yàrá kan ní Aùlé, wọ́n gbé sólà kékeré kan sórí òrùlé rẹ̀, ibẹ̀ sì ni Ìyìn ń jókòó sí lójoojúmọ́, tó ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà.

Kì í ṣe géèmù ìbọn o. Kì í sì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Géèmù ọmọ kan tó ń wá ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ nínú oko kòkó ni, lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú. Ọmọ náà gbé àtùpà kékeré lọ́wọ́. Ewúrẹ́ á ké níbìkan, ìwọ tí ò ń gbá géèmù á máa tẹ̀lé ohùn rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ó dùn, nítorí pé oko náà jọ oko. Ewé kòkó gbígbẹ tẹ́ sílẹ̀, ó ń dún wàràwàrà lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìyìn kò kàn jókòó ro oko náà lọ́kàn. Oko bàbá rẹ̀ tó wà ní Bọ́lọ́rundúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oǹdó, ló lọ yà ní fọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, igi kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, tó sì kó o wọ inú kọ̀ǹpútà bó ṣe wà.

Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ìyìn ní àbúrò kan, Tolúwalọpẹ́, tí wọ́n ń pè ní Lọpẹ́. Àwọn méjèèjì péré ni ìyá wọn bí. Bàbá wọn ti kú tipẹ́. Ní ọdún méjì ṣáájú géèmù yìí, Lọpẹ́ dùbúlẹ̀ àìsàn. Ibà lásán ni wọ́n pè é. Kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn yóò ṣe, ọmọ ti bọ́. Ọmọge tí kò tíì délé ọkọ. Àwọn àgbà ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ, àmọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá ló ń mọ bó ṣe ń ta ni lára.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òkú ọ̀fọ̀ kì í ṣe òkú àríyá. A kì í sin ín sínú ilé, a kì í sì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ìbáà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù lòbí náà, ilé ni yóò jókòó sí, wọn yóò yí i ká, àwọn ọ̀dọ́ yóò sì gbé òkú gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Bọ̀dá Lawrence, àbúrò bàbá wọn, ló kó àwọn ọ̀dọ́ ẹbí jọ. Ìyìn wà lára wọn. Wọ́n gbé Lọpẹ́ lọ sí oko Bọ́lọ́rundúró, wọ́n sin ín sábẹ́ igi obì tó wà nítòsí odò. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Bọ̀dá Lawrence dá gbogbo wọn dúró lójú ọ̀nà.

"Ìyá rẹ̀ ò gbọdọ̀ mọ ibẹ̀," ó wí. "Òbí tó bá fojú kan sàréè ọmọ, ilẹ̀ á béèrè ìkejì."

Ìyìn ló ń wò bó ti ń sọ ọ́. Ta ni ìkejì náà ìbá tún jẹ́?

Nígbà tó wá ń ya oko ní fọ́tò, ó ya igi obì náà mọ́ ọn. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Igi ni lójú tirẹ̀. Ó ní òun tilẹ̀ yẹra fún ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, òun kò yà á rárá, koríko lásán lòun fi bo ibẹ̀ nínú géèmù.

Bí iṣẹ́ náà ti ń parí lọ, ó pín in fún àwọn tó mọ̀, kí wọ́n bá a dán an wò. Wọ́n yìn ín. Ẹni tó kọ́kọ́ ráhùn ni Dókítà Kíkẹ́, olùkọ́ kan ní yunifásítì tó ti kọ́ ọ rí. Ó pè é lórí fóònù.

"Ìyìn, géèmù rẹ ṣókùnkùn jù. Mi ò rí nǹkan kan."

"Ẹ lọ sí sẹ́tíńsì, mà. Ẹ fi kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀."

"Kò sí níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀, mà. Lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tún ohùn ṣe."

"Mo ní kò sí."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbá géèmù, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ohun méjì ló máa ń wà nínú sẹ́tíńsì tí ènìyàn fi ń tún ojú géèmù ṣe. Ọ̀kan ń fi kún ìmọ́lẹ̀. Èkejì ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, kí ohun tó fara pamọ́ sínú òjìji lè hàn kedere. Géèmù tó bá dá lé òkùnkùn kò gbọdọ̀ ṣaláìní wọn. Láti ọjọ́ kìíní ni Ìyìn ti fi méjèèjì sí i. Ó tan kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó wò ó. Wọ́n wà níbẹ̀ digbí.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba ọ́fíìsì Dókítà Kíkẹ́ lọ, ó sì gbé kọ̀ǹpútà Rufus dání. Kò sí iná lọ́jọ́ náà. Fáànù òkè ọ́fíìsì dúró sójú kan, gbogbo ilé náà dákẹ́. Ó ṣí sẹ́tíńsì géèmù lórí kọ̀ǹpútà obìnrin náà. Ohùn wà níbẹ̀. Èdè wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, àyè ṣófo, bí ibi tí eyín ti yọ.

Ó pa géèmù náà rẹ́ kúrò níbẹ̀, ó sì tún fi í sí i láti orí fíláàṣì tó mú wá. Àyè náà ṣófo síbẹ̀. Ó ki fíláàṣì kan náà bọ kọ̀ǹpútà Rufus. Ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, èkejì rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó padà sí ti Dókítà Kíkẹ́. Òfo.

"Má bínú, mà," ó wí. "Mo máa wá nǹkan ṣe sí i."

Ojú kọ̀ǹpútà tó dúdú kirikiri yẹn ni Dókítà Kíkẹ́ tẹjú mọ́.

"Ta lo ní kó wọ sálúbàtà nínú rẹ̀?" ó bi í.

"Sálúbàtà, mà?"

"Ọmọ kan ń sáré. Sálúbàtà rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ó ń gbá nílẹ̀ pàá, pàá."

Kò sí sálúbàtà nínú géèmù náà. Ẹsẹ̀ lásán lọmọ tó ń wá ewúrẹ́ fi ń rìn. Ìyìn tẹ́tí. Ìró ìrẹ̀ nìkan ló gbọ́, èyí tóun fúnra rẹ̀ fi síbẹ̀.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, mà."

"Ó dáa." Obìnrin náà gbé kọ̀ǹpútà náà sún mọ́ àyà. "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Má wá nǹkan kan ṣe sí i mọ́."

Ìyìn jáde, kò mọ ohun tí yóò rò. Kò tíì délé tí Ọlọ́runníyì fi pè é, ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ọjà Ọba. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Géèmù ṣókùnkùn, sẹ́tíńsì kò ní ìmọ́lẹ̀. Ìyìn ní kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Ọlọ́runníyì ní rárá, òun kàn ní kóun sọ fún un ni. Ó ní ọmọ ọwọ́ kan ń ṣe òsúkè nínú rẹ̀, òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun àti Rufus jókòó ti gàrí tí wọ́n rẹ sínú omi tútù. Ìyìn rò fún un. Ó rò pé Rufus yóò bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé Rufus kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, àní tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àjẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣe ló máa ń bọ́ síta lọ gbatẹ́gùn. Rufus kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé síbí sílẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé ìyàwó Ọlọ́runníyì bímọ lọ́dún tó kọjá?"

"Mo mọ̀. Mo ti rí ọmọ náà."

"Ọmọ náà ò sí mọ́. Ìgbà Kérésìmesì."

"Dókítà Kíkẹ́ ńkọ́?" Ìyìn béèrè, kò sì fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀.

"Ọmọkùnrin kan ló ní. Àgbàrá ló gbé e lọ. Wọ́n ní sálúbàtà bàbá rẹ̀ ló wọ̀ jáde lọ́jọ́ náà."

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan gàrí náà mọ́. Ó wú, ó kún abọ́.

Nígbà tí Rufus bọ́ sí ẹ̀yìn ilé lọ wẹ̀, Ìyìn ṣí géèmù náà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó ní òun kò mọ ohun tó gbé òun dé ìdí rẹ̀. Ó fi kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé òpin. Oko mọ́lẹ̀ rekete, bí ọ̀sán. Ó rìn gba àárín kòkó kọjá, ó gbọ́ ìró odò, ó sì dé ìdí igi obì. Ebè kan wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ebè iṣu. Gígùn ni, koríko ti hù lé e.

Òun kọ́ ló ṣe é. Ó tú gbogbo kóòdù, àwọn àṣẹ tó fi kọ géèmù náà, wò, ó wá ohun tó jọ ebè nínú gbogbo àwòrán tó wà níbẹ̀, kò rí i. Ó yọ igi obì kúrò, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ebè náà wà lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó fa odò gba orí ibẹ̀ kọjá. Odò yà á sílẹ̀, ó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ.

"Pa gbogbo rẹ̀ rẹ́," Rufus wí nígbà tó rí i. Omi ṣì ń ro tó tó lára rẹ̀. "Ìyìn, pa á rẹ́ báyìí."

Kò lè pa á rẹ́. Ó ní bí òun bá pa á rẹ́, ṣe ló dà bíi pé òun sin Lọpẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, òun kò sì ní agbára rẹ̀. Èmi ò bá a wí. Ẹni tó bá ti gbé pósí àbúrò rẹ̀ rí ló lè bá a wí.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí Bọ̀dá Lawrence fi pè é láti Oǹdó. Ó ní kó wá wo ìyá rẹ̀. Ó ní kì í jẹun mọ́, tíì nìkan ló ń mu, bó bá sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, Ìyìn yóò sin ìyá lé àbúrò. Ìyìn wọ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Rufus ní kó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀, nítorí pé olè ń jà ní Aùlé nígbà náà, gbogbo ibi tó bá ń lọ ló máa ń gbé e lọ. Láàárọ̀ náà kó tó jáde, ó tún ṣí sẹ́tíńsì wò. Ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀.

Mary ni orúkọ ìyá rẹ̀, àmọ́ Tíṣà ni gbogbo Òkèlísà ń pè é, nítorí kò sí ojúlé kan ládùúgbò náà tí kò kọ́ ọmọ wọn ní ABD rí. Obìnrin tó máa ń rìn ṣánṣán ni, tó máa ń sọ̀rọ̀ kí gbogbo kíláàsì gbọ́. Ìyìn bá a lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó ti rù hangogo. Abọ́ ìrẹsì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ọ̀rá ọbẹ̀ ti dì lé e lórí.

"Màmá, ẹ kúulé."

"Káàbọ̀. Ṣé ọ̀nà dáa?"

"Ó dáa, mà. Wọ́n ní ẹ ò jẹun."

"Ta ló ní?"

"Bọ̀dá Lawrence."

Ìyá rẹ̀ pòṣé. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sí oko yẹn, Ìyìn. Àwọn òṣìṣẹ́ dá mi padà. Wọ́n ní Bọ̀dá ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Oko ọkọ mi." Ó ń fi ọwọ́ gbọn eruku tí kò sí lára aṣọ rẹ̀. "Mi ò mọ ibi tó wà. Gbogbo ebè iṣu tí mo bá ti rí lẹ́bàá ọ̀nà ni mò ń kí. Mò ń sọ pé, Lọpẹ́, ṣé ìwọ nìyí?"

Ìyìn sunkún. Ọmọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, ó sunkún bí ọmọdé, ojú kò sì tì í.

Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó sunkún tán.

"Rufus sọ fún mi lọ́dún tuntun pé oko wa lo fi ṣe géèmù," ó wí. "Fi hàn mí."

"Kò tíì parí, Màmá."

"Mi ò ní kó parí. Mo ní kí o fi hàn mí."

Ta ló tó bá Tíṣà jiyàn? Ó gbé kọ̀ǹpútà náà jáde.

Ọ̀sán gangan ni, àmọ́ òjò ti ṣú bolẹ̀, yàrá sì dúdú. Iná kò tíì dé láti ìjẹta. Nígbà tí òjò náà bẹ̀rẹ̀, ó bo gbogbo ìró àdúgbò mọ́lẹ̀, kò sí ọ̀kadà, kò sí ọmọ tó ń ké. Ìyìn gbé kọ̀ǹpútà náà lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Géèmù ṣí. Ó dúdú. Ó tẹ sẹ́tíńsì kíákíá. Ohùn. Èdè. Òfo.

Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni o. Èyí tó wò láàárọ̀.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Síbẹ̀ ó ní ọkàn òun balẹ̀ díẹ̀. Ohun yòówù kó máa bo ojú ibẹ̀ fún àwọn tí ọmọ wọn ti ṣáájú wọn, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kò fẹ́ kí òbí rí i. Ó ti rí Tíṣà, ó sì ti fi aṣọ bò ó.

"Mi ò rí nǹkan kan," ìyá rẹ̀ wí.

"Bó ṣe rí nìyẹn, mà. Ilẹ̀ ti ṣú nínú rẹ̀."

"Kò sí bí wọ́n ṣe ń tan iná sí i?"

"Kò sí, mà."

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ láti inú géèmù náà. Kó. Lẹ́yìn náà, kó. Òkúta lórí òkúta. Ẹnìkan ń pa ẹ̀kùrọ́. Yóò pa á, yóò dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ ọ̀kan, yóò tún pa òmíràn. Láti kékeré ni Lọpẹ́ ti máa ń jókòó sẹ́yìn ilé yìí kan náà, tí yóò máa pa ẹ̀kùrọ́, ọ̀kan fún ẹnu, ọ̀kan fún abọ́. Dókítà Kíkẹ́ nìkan ló gbọ́ sálúbàtà. Èyí, Ìyìn náà gbọ́ ọ. Àbúrò rẹ̀ ni.

Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ pé ọmọ aládùúgbò ló máa ń bá a tẹ fóònù, ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sórí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń rìn. Ewé gbígbẹ dún. Ó ń rìn nínú òkùnkùn náà, kò kọlu igi kan, kò yà sí ọ̀nà tí kò yẹ. Ìyìn tó ṣe oko náà kò lè rìn ín bẹ́ẹ̀. Kó. Kó. Ìró náà ń sún mọ́ wọn. Odò bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò.

"Ó wà níbí," ó wí.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká pa á."

"Tan iná sí i, Ìyìn."

"Mo ní kò sí iná níbẹ̀, mà."

"Ìwọ lo ṣe é. Ẹni tó kọ́ ilé mọ ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Bí mi ò bá mọ ibi tí ọmọ mi sùn sí, mi ò ní lè jẹun. Mo ti gbìyànjú. Oúnjẹ ò wọlé."

Ìyìn wo ọrùn ìyá rẹ̀, ó rí bí eegun èjìká ṣe yọ síta. Ó rántí ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Lawrence. Ó fẹ́ kí ìyá òun yè. Òun náà sì fẹ́ yè. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún Rufus, kò tijú. Ó ní ọ̀rọ̀ méjèèjì ń bá ara wọn jà nínú òun, òjò ń rọ̀, ẹ̀kùrọ́ ń dún.

Ó gba kọ̀ǹpútà náà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó ṣí inú géèmù náà, ibi tí kóòdù wà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà kan péré sí i, tó pàṣẹ pé kí ìmọ́lẹ̀ kún, kí dúdú yà kúrò lára funfun, ìbáà sí sẹ́tíńsì, ìbáà máà sí. Ó gbé e padà lé e lẹ́sẹ̀.

Kò mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mọ́, láti òkè wá sílẹ̀. Ewé igi obì kọ́kọ́ hàn. Ẹ̀ka tẹ̀lé e. Ìmọ́lẹ̀ náà ń sọ̀kalẹ̀ lára igi, bí ẹni pé kò fẹ́ dé ilẹ̀.

Ìyá rẹ̀ fa ìborí rẹ̀ tu, ó sì fi bo ojú ara rẹ̀ pátápátá.

"Màmá?"

"Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ." Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti inú aṣọ. "Wọ́n sọ ọ́ fún ìyá mi náà, nígbà tí àbúrò mi kú. Ìyá mi yọ́ lọ wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ló kú tẹ̀lé e." Ó padà sí èdè Oǹdó tó fi tọ́ wọn. "Ọma mi, ìwọ nìkan ló kù fún mi. Mi ò ní wò ó. Ìwọ bá mi wò ó."

Ìyìn wò ó.

Ìmọ́lẹ̀ ti dé ilẹ̀. Ebè náà wà lábẹ́ igi, koríko lórí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni èkejì wà. Ilẹ̀ pupa ni, tútù, ewé kan ṣoṣo kò tíì já bọ́ lé e. Ó gùn ju ti Lọpẹ́ lọ. Ó gùn tó ọkùnrin.

Ẹ̀kùrọ́ kò dún mọ́.

"Ṣé o ti rí i?"

"Mo ti rí i, mà."

"Ṣé ibẹ̀ mọ́?"

"Ó mọ́, Màmá. Igi ṣíji bò ó."

"Odò ò ní gbé e?"

"Kò lè gbé e, mà. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga."

"Ṣé òun nìkan ló wà níbẹ̀?"

Ìyìn wo ìyá rẹ̀, ó wo aṣọ tó bo ojú rẹ̀, ibi tí omijé ti ń rin ín.

"Òun nìkan ni, mà."

Ó pa kọ̀ǹpútà náà dé. Ìyá rẹ̀ mú ìborí kúrò lójú, ó nu imú. Lẹ́yìn náà ó ní ebi ń pa òun. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó ní ebi ń pa òun. Inú Ìyìn dùn, ó sì bà jẹ́, ó dìde lọ gbé iṣu kaná ní ìdáná. Ó ṣì ń bẹ iṣu lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Bọ̀dá Lawrence ni.

"Ìyìn, níbo lo wà?"

"Mo wà ní Oǹdó, sà. Lọ́dọ̀ Màmá."

"O ò wá sí oko lónìí?"

"Rárá, sà."

Ìyìn ń gbọ́ bí Bọ̀dá Lawrence ti ń mí, ó sì ń gbọ́ omi lẹ́yìn rẹ̀, omi odò tó kún.

"Ta lo rán wá gbẹ́lẹ̀ sí ìdí igi obì?"

"Èmi? Mi ò rán ẹnikẹ́ni, sà. Kí ló dé?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ ní kò sẹ́ni tó wọlé látàárọ̀." Ọkùnrin náà dín ohùn rẹ̀ kù, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹni tó dúró tì í gbọ́. "Má wá sí oko. Ṣé o gbọ́? Ẹni yòówù tó bá ránṣẹ́ pè ọ́, tó bá jẹ́ èmi gan-an ni, má wá."

Fóònù já. Ìyìn pè é padà, pè é padà. Kò wọlé.

Ó gbé iṣu wọ yàrá pẹ̀lú epo. Òjò ti dáwọ́ dúró, àdúgbò kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti fọ ojú, ó ti tún ìborí wé dáadáa. Ó di ojú, ó sì na ọwọ́ kan kó lè di ti ọmọ rẹ̀ mú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe nínú ilé náà kí wọ́n tó jẹun. Ó dúpẹ́ fún oúnjẹ. Ó dúpẹ́ fún ẹ̀mí.

"Baba, mo dúpẹ́ pé ọmọ mi sùn síbi tó mọ́," ó wí. "Àmọ́ Ìwọ mọ̀ ọ́n. Ìwọ mọ̀ pé ẹ̀rù òkùnkùn máa ń bà á. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Jọ̀ọ́, fi ẹnìkan tì í, ẹni tí òun mọ̀, tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀."

Láti ìgbà tí Ìyìn ti gbọ́njú nínú ilé náà, àdúrà ìyá rẹ̀ kò tíì kọjá rí láìjẹ́ pé ó dáhùn sí i. Ìyá rẹ̀ dúró. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, kò lajú.

"Ìyìn," ó wí. "O ò ṣe àmín."